Ibi Tó Ń Jò Kọ́ Ni Omi Gbà Wọlé

Àwọn àgbà ní ká má wo ibi tí a ṣubú sí, ibi tí a ti yọ̀ ni ká wò. Òwe yìí ló yẹ ẹni tó ra ilé sí Akoka nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò àkọ́rọ̀ wá bá a ní pálọ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ á wà lára àjà níbi tí omi ti ń kán. Á ní, "Ibí yìí ló ń jò." Rárá o. Ibẹ̀ ni ìrìn omi náà parí sí. Ibi tó gbà wọlé lè wà ní ìpẹ̀kun kejì òrùlé, nítorí omi á tẹ̀lé igi àjà, á yí ìṣó po, á rìn lórí wáyà iná, kó tó rí ihò tí yóò gbà bọ́ sórí àga yín.

Ilé tí a bá rà lóṣù kìíní, òjò ò tíì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 1962 ni wọ́n dá yunifásítì UNILAG tó wà ní Akoka sílẹ̀, ilé tó sì ti pẹ́ kò wọ́n ládùúgbò yẹn, láti Abúlé-Ọjà títí dé Bariga. Òjò púpọ̀ ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. Òrùlé náà ti mu díẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ ta ilé bá kun ọ̀dà tuntun sí igun àjà kan ṣoṣo, tí ìyókù sì ṣì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní igun yẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àwa tí à ń ra ilé l'Ékòó mọ bí a ṣe ń lé ìwé. Survey ńkọ́? C of O dà? Àṣẹ gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún ńkọ́? Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ìwé kankan nínú wọn tó ń sọ pé páànù ti dípẹtà. Lójú òfin, ẹni tó ń rajà ni kó la ojú rẹ̀, àyàfi bí ẹni tó tà á bá parọ́ nígbà tí a bi í, tàbí tó bá fọwọ́ sí ìlérí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ béèrè pé, "Ṣé ilé yìí ń jò?" kí ìdáhùn náà sì wà nínú ìwé.

Bí ẹ bá ti rà á ná, kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ kíyè sí ìgbà tó ń jò. Bí ó bá jẹ́ òjò tó bá atẹ́gùn rìn nìkan ló ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni omi ń gbà, níbi tí páànù ti pàdé ògiri tàbí níbi tí páànù kan ti gun èkejì. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò sábà máa ń ti wá lọ́dọ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ wo apá ibẹ̀. Bí òjò bá ti dá tipẹ́ tó sì ń kán síbẹ̀, omi ti dúró síbìkan lókè, ó ṣeé ṣe kí gọ́tà ti dí. Bí òjò ò bá tiẹ̀ rọ̀ tí àjà ń rin, ẹ má fẹ̀sùn kan òrùlé. Táǹkì omi tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ẹ gbé àkàbà, ẹ wọ inú àjà, kẹ́ ẹ wá pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọjú bí ojú abẹ́rẹ́, omi náà mọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì padà, kẹ́ ẹ máa tọ ipa dúdú tó wà lára igi lọ sókè. Igi ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ àjà POP, àfi bí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀ já sí pálọ̀.

Bí ojú ò bá rí nǹkan kan, kí ẹnì kan gbé rọ́bà omi dání lókè, kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú fóònù. Láti ìsàlẹ̀ òrùlé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kí wọ́n máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi á ṣàn kọjá gbogbo oríkèé, kò sì ní mọ èwo ló ń jò nínú wọn.

Ìṣó ló máa ń fa jíjò tó pọ̀ jù. Orí òkè páànù ló yẹ kí wọ́n kàn án mọ́, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà ṣàn. Oòrùn a máa la rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ti ọ̀sà wá sì máa ń jẹ irin. Káfíńtà tó bá dé, tí kò wọ àjà, tó ní, "Alhaji, ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì ti tó," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ pe ẹlòmíì. Oòrùn á sán ọ̀dà yẹn kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Èmi ò tíì rí àǹfààní parapet tí wọ́n ń mọ yí òrùlé ká yìí, ju pé kí aládùúgbò má rí páànù ẹni lọ. Gọ́tà kọnkéré wà lẹ́yìn rẹ̀, ewé àti nylon pure water á dí ojú ihò kan ṣoṣo tí omi ń gbà jáde, adágún omi á wà lórí ilé. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà gbẹ́ ihò kejì sí ẹ̀gbẹ́, kó ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí omi lè rí ibi sá gbà.

Bí òrùlé àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ayùn gé e, kí wọ́n má sì gbá eruku rẹ̀. Àjọ WHO ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Ó tún lè fọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ lójijì.

Lóru tí òjò bá ká yín mọ́, ẹ pa iná yàrá yẹn láti ibi tí wọ́n ti ń pa á lápapọ̀. Bí POP bá wú, ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìṣó lu ú kí omi lè jáde. Ẹ má gun páànù tútù. Òjò Èkó a máa le jù lóṣù kẹfà, a sì máa sinmi díẹ̀ lóṣù kẹjọ kó tó padà. Ìgbà ìsinmi oṣù kẹjọ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ní ti owó, ẹ ra ohun èlò fúnra yín, kẹ́ ẹ sì bá káfíńtà ṣàdéhùn lójú ẹlẹ́rìí pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ á dúró títí òjò ńlá méjì á fi rọ̀. Á kùn. Á ní, "Màmá, ṣebí ẹ mọ̀ mí." Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ fún un lómi tútù mu, ẹ má yí ọ̀rọ̀ yín padà.