Ẹ Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Iná Sólà Ta Aláìní Lọ́rẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ara yín, tí ẹ ń fi ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ yín fi ń lọ jẹ ìnáwó gun òrùlé arúgbó àti opó ní ìgboro Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, láti Òjé dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Ọjà-Ọba, kí iná sólà lè tàn nínú yàrá tí iná ìjọba kì í wọ̀ tàbí tí owó rẹ̀ ti ga ju apá onílé lọ, mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú ọkàn ire. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí wáyà ni irun orí mi sì ti funfun, láti ayé NEPA, nígbà tí sólà ṣì jẹ́ ohun tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn lásán, títí di ẹ̀yìn ọdún 2013 tí ìjọba fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí olúkúlùkù onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ọgbọ́n iná tirẹ̀ dá. Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi, orí kan ni ó dá lé: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláìní gbọ́dọ̀ yè kooro ju èyí tí olówó sanwó rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiyín, ìdí mìíràn tún wà pẹ̀lú. Bí iná olówó bá kú lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ni yóò ti pè yín, tí yóò bá yín wí, tí yóò sì pe oníṣẹ́ mìíràn bí ẹ bá ń fi falẹ̀. Ìyá arúgbó tí ẹ ta lọ́rẹ ńkọ́, ta ni yóò pè? Ẹnu tí ó fi súre fún yín níṣojú gbogbo àdúgbò, kò ní lè fi sọ pé ohun tí ẹ ṣe kò dára; yóò kàn fa àtùpà rẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn ni, yóò rán ọmọ lọ ra kẹrosíìnì, yóò sì dákẹ́. Ẹ ṣáà ti rí àwọn òpó iná sólà tí ó kú sí ẹ̀bá títì káàkiri ìlú wa, tí a fi ìlù àti ijó ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá wò mọ́. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ wà nínú ilé ẹnikẹ́ni lórúkọ yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé àkàbà, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ wọlé, kí ọkùnrin inú yín dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sì bi ìyá ilé léèrè ohun tí ó ń ṣe láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tí yóò fi sùn, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù mẹ́rin ni ó nílò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wátì 5, tí wọn yóò sì máa tàn fún wákàtí 5, wátì-wákàtí 100 nìyẹn. Rédíò kékeré tí ń jẹ wátì 5 fún wákàtí 6 jẹ́ 30. Fóònù méjì, 20. Fáànù kékeré tí ń jẹ wátì 15, tí yóò máa fẹ́ sí àwọn ọmọ lára fún wákàtí 8, jẹ́ 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270. Bátìrì olómi-ásíìdì oní-fóòtì 12 tí a kọ 100Ah sí lára ń gba nǹkan bí wátì-wákàtí 1,200, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ kì í fà á kọjá ìdajì, ìdajì náà sì jẹ́ 600, tí ó tó ilé yìí lò fún òru méjì. Pánẹ́ẹ̀lì wátì 100 lè tó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n inú oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní tó. Wátì 150 ni kí ẹ gbé.

Bí ẹ bá ṣírò tán, ẹ sọ òtítọ́. Ọ̀dọ́ a máa fẹ́ kí inú àgbà dùn, nítorí náà, bí ìyá bá béèrè bóyá yóò gbé áyọ́ọ̀nù, ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ máa gbìyànjú rẹ̀ wò, Mama.” Áyọ́ọ̀nù tí ń jẹ wátì 1,000 yóò fa 600 náà tán kí ìṣẹ́jú 40 tó pé, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ á nà, ilé á sì ṣókùnkùn títí di ọjọ́ kejì. Ẹ là á yé e kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé kò lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Àwọn ilé tí ẹ ń bá pàdé ti pẹ́. Páànù wọn ti dípẹtà, igi tí ó gbé wọn ti mu òjò, ikán sì ti sọ inú òmíràn di ilé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ilé tí òjò ń wọ̀, ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣáájú yín dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó pánẹ́ẹ̀lì kan ni ẹ óò fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gba inú àjà gòkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú ọ̀bẹ ṣóńṣó lọ́wọ́, ẹ fi gún igi kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti pàdé ògiri. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, tí ó sì bá ìyẹ̀fun jáde, ẹ má gbé ohunkóhun lé e lórí. Bí igi bá yè, ẹ máa tẹ ojú ìlà ìṣó nígbà tí ẹ bá dé orí páànù, nítorí ibẹ̀ ni igi wà, ìyókù kò lè gbé ènìyàn. Ibi tí páànù gbé yọ sókè ni kí ẹ dá ihò sí, ẹ má ṣe dá a sí inú kòtò rẹ̀ tí omi ń bá ṣàn. Kí rọ́bà wà lábẹ́ orí súkúrù, kí ẹ fún un títí rọ́bà yóò fi tẹ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀, nítorí bí ẹ bá fún un jù, rọ́bà á ya, òjò àkọ́kọ́ ni yóò sì ròyìn iṣẹ́ yín fún ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ìhà gúúsù ni à ń kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí pé òrùlé kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn kí ẹ kọ ilé náà sílẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré ni ó fi wà ní àríwá rẹ̀. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 10 tó, kí òjò lè máa ṣan eruku kúrò. Òjìji ni kí ẹ bẹ̀rù: ẹ̀ka igi máńgòrò kan, tàbí tánkì omi aládùúgbò, tí òjìji rẹ̀ bo igun kan pánẹ́ẹ̀lì, lè gba agbára rẹ̀ ju bí igun náà ti tóbi mọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ wáyà ilé kí ẹ tó wá sídìí sólà, ọ̀rọ̀ yín ni ó ń ba mí lẹ́rù jù. Ẹni tí ó bá fojú àná wòkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Iná NEPA, bí a bá ti já a, ó ti kú. Pánẹ́ẹ̀lì kò níbi tí à ń pa á sí níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà rẹ̀. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ charge controller, ẹ̀rọ tí ń darí iná tí ń wọ bátìrì, kí pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì ń tú u, kí pánẹ́ẹ̀lì ṣáájú. Fóòtì 12 kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, èyí ni ó sì mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ń gba inú wáyà rẹ̀ láti gbé ẹrù wátì 60 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 20 èyí tí ń gba inú wáyà fóòtì 230 fún wátì kan náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná, ibi tí a kò so le á sì máa ta pàrà títí iná yóò fi ran igi. Ẹ lo wáyà tó nípọn, kí fíúsì wà nítòsí orí bátìrì gan-an, kí bátìrì olómi má sì sí nínú yàrá tí ọmọ ń sùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ń tú jáde nígbà tí ó bá ń gba iná a máa gbiná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ ìyá ilé níṣẹ́. Ní abúlé Tilonia, ní Rajasthan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń pè ní Barefoot College, tí Bunker Roy dá sílẹ̀ ní 1972. Àwọn ìyá àgbà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà, tí wọ́n wá láti Íńdíà àti láti ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n kọ́ níbẹ̀ láti máa so sólà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe fún àwọn wọ̀nyẹn, ta ni yóò wá sọ fún mi pé ìyá aláró, tí ń fojú lásán mọ ìgbà tí aró jinná, kò lè mọ ohun tí iná pupa ara charge controller ń wí? Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, kí ó tàn án, kí ó yọ fíúsì, kí ó fi òmíràn rọ́pò lójú yín. Ẹ má ṣe tìtorí ìyára kọ́ ọmọkùnrin ilé nìkan. Èkó ni ọmọ náà ń wò, ìyá ni yóò kù nílé.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ń dá owó bátìrì fún yín a máa béèrè ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ya ti wáyà, ẹ ya ti bátìrì. Ẹ má ṣe to ẹni tí ó bí ẹgbẹ́ ìyá yín síwájú àsíá ẹgbẹ́, kí ẹ ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì gbé àìní rẹ̀ ká gbogbo ayé. Àlejò ni yín nínú ilé rẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25, bátìrì olómi kì í sábà lò ju ọdún díẹ̀ lọ. Ẹ sọ èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba ìyá níyànjú kí ó máa dá díẹ̀ nínú owó kẹrosíìnì àtijọ́ sọ́dọ̀ alájọ, kí ọjọ́ bátìrì tuntun má baà bá a lójijì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ so ó, irú bátìrì, àti nọ́ńbà ẹni tí yóò dáhùn ìpè sára páálí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọyẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tí eruku bá sì bò kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kọ orúkọ ilé tuntun kankan sínú ìwé yín, ẹ gbé omi àti aṣọ múlọ́múlọ́ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ kọ́kọ́ padà sí ilé àwọn tí ẹ ti ṣe fún lọ́dún tó kọjá.