Ìbéèrè Kì í Ṣe Àìmọ̀ṣẹ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni a fẹ́ bá ara wa sọ.

Gbogbo àwa tí à ń gbé agbègbè Ajah títí dé Ìbẹ̀jú la mọ Èbúté Lekki. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni iṣẹ́ òwò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ti ń fi orí ru àpò. Kírénì ló ń gbé ẹrù níbẹ̀.

Ẹ wo kọntéénà dáadáa. Ihò wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè. Irin tí kírénì ń sọ̀ kalẹ̀ á ki ahọ́n rẹ̀ bọ inú ihò wọ̀nyí, á sì yí i bí ẹni yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹyọ kan kò bá wọlé dáadáa, ewu dé nìyẹn. Ọmọ tó bá béèrè ìdí èyí kò ní dúró sábẹ́ ẹrù láéláé. Èyí tí wọ́n kàn ní “má dúró níbẹ̀” fún ńkọ́, lọ́jọ́ tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí?

Àwa àgbà náà ló fà á. Ọmọ á béèrè, a ó ní ó ń yájú.

Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé awakọ̀ ẹrù ni ẹni tó sọ kọntéénà di ohun tí ayé ń lò: Malcom McLean, ará Amẹ́ríkà, tí kò lọ sí yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ní 1937 òun jókòó ti ẹrù òwú òun ní èbúté, tí àwọn alágbàárù ń kó o díẹ̀díẹ̀, òun sì bi ara òun pé ṣé a kò lè gbé ọkọ̀ náà tẹrùtẹrù lẹ́ẹ̀kan ni. Àwọn òpìtàn kan kò gba ìtàn yìí gbọ́ tán. Àmọ́ kò síyàn nínú pé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ rẹ̀ Ideal-X kó kọntéénà 58 láti Newark lọ sí Houston.

Àwa tí à ń kọ èyí kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ẹ̀rọ táípù ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a ní ojú ń dùn wá. Irọ́ ni, ojú ló ń tì wá. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan, tí a tó bí, ló kọ́ wa níkẹyìn. Ó ní, “Ẹ má bínú sà, kí ló dé tí ẹ ò tètè béèrè?” A kò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti èbúté dé, ẹ má bi í léèrè owó oṣù nìkan. Ẹ bi í pé kí ló kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ojú ìwé tí ẹ ń kà yìí, àwa fúnra wa la tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ wá fi hàn wá.