Kí O Tó Fi Ìfẹ́ Yan Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èdè àti ìtàn ní ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tí mo fẹ́ dá sí. Ẹ ní iṣẹ́ tọ́kàn ẹni bá fẹ́ ni kéèyàn ṣe, pé owó á tẹ̀ lé e. Orí fóònù lẹ ti ń gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tó ti là. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò bọ́ sí i fún wọn, ta ló ń pè wọ́n kí wọ́n wá sọ̀rọ̀?

Ẹ wo dòdò Ìkirè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ nìkan ló kù nílé rẹ̀. Ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín in, ó sì dòwò. Kì í ṣe pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú wu ìyá yẹn. Ohun tí ẹlòmíì ì bá dà nù ló rí lò, èrò ọkọ̀ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń rà á títí dòní. Ooru iná, èéfín lójú, epo tó ń ta síni lápá: kò sí èyí tó dùn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń dín in bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé epo ti gbóná tó, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní ṣóńṣó kó tó tutù, ẹ ó rí i bójú wọn ṣe máa tàn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe kó tó di pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

Èmi náà, tíṣà ni mí. Iṣẹ́ yẹn ò wù mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ tí kò mọ ìṣirò rárá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi ló tó wọ̀ mí lára.

Oníbàárà ńkọ́? Láyé àtijọ́, kí ogun Òwu tó dé ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ẹrù tóo gbé wá ni wọ́n ń wò níbẹ̀, bóyá o fẹ́ràn ẹ̀ tàbí o ò fẹ́ràn ẹ̀, ìyẹn ò kan oníbàárà.

Ẹ lè fi òwe dá mi lóhùn, pé ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹ rántí ẹni tí ìyókù òwe yẹn ń bá wí: ológún ẹrú ni, ẹni tó ní ogún ẹrú. Ó ti lówó ná, kó tó máa ṣe ohun tó wù ú.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ìfẹ́ nù o. Ẹ wo Hubert Ògúndé, gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé: ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ kan l'Ékòó ní 1944. Owó oṣù ṣì ń wọlé. Ìgbà tó rí i pé èrò ń wá wòran ló tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Wọ́n rán Fẹlá Kútì, olórin, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 kó lọ kọ́ ìṣègùn, orin ló lọ kọ́. Ìyẹn lẹ máa ń sọ. Ẹ kì í sọ pé ilé ẹ̀kọ́ orin ló wọ̀, tó jókòó kọ́ ọ, pé nígbà tó padà dé ní 1963, iṣẹ́ rédíò ló kọ́kọ́ ṣe. Ilé tó sì ti wá kì í ṣe ilé ẹni tí ń wá owó gàrí.

Nítorí náà, kí bàbá tàbí ìyá yín tó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ lọ bẹ ọ̀gá tó fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tí iná kò sí, lọ́jọ́ tí oníbàárà ń jà, lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó wọlé. Bẹ́ ẹ bá lè fara da ìyẹn, tẹ́ ẹ sì tún fẹ́ padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sanwó.