Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÀPÓTÍ SÍPÍKÀ TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀RỌ KÉKERÉ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn tó ń fi ohun èlò orin jẹun láàárín wa ní Ìwó: àwọn tó ń yáni ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìnáwó, àwọn tó ń ta ohun èlò orin, àti àwọn tí ọmọ wọn ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹgbẹ́ jùjú.

Ẹ̀rọ kan wà lọ́jà báyìí, òmíràn nínú rẹ̀ kò tóbi ju bíríkì kan lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ ámpù gìtá, ó tún ń ṣe iṣẹ́ àpótí sípíkà ńlá tí ọkùnrin méjì ń gbé. 'Modeler' ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ẹ̀rọ afarawé. Owó rẹ̀ kò kéré, ó tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ yá owó. Ohun tó sì lè ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó rà á yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn gìtá á wá máa kùn bí oyin inú páànù. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Á tà á ní ẹ̀dínwó, gbèsè á sì kù sí i lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà lè máà ní àbùkù kankan. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni kò tẹ̀. Bọ́tìnì yẹn ni a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lónìí.

1. IBI TÍ OHÙN GÌTÁ TI Ń PARÍ

Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá sókè nínú orin jùjú. Láti ìgbà náà títí dé ìgbà I.K. Dáíró, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, ohun tí etí wa mọ̀ sí ohùn gìtá oníná kì í ṣe ti okùn nìkan. Ipele mẹ́ta ló ń kọjá. Èkíní, okùn irin á gbọ̀n lókè mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára gìtá, ìyẹn á sì sọ ọ́ di iná kíún. Èkejì, ámpù á sọ iná kíún náà di ńlá. Ẹ̀kẹta, sípíkà inú àpótí á sọ iná náà di ohùn.

Ipele kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: sípíkà gìtá, tí ó sábà máa ń fẹ̀ tó íńṣì 12, dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà gìtá kì í gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 80 lọ, tàbí tó ga ju nǹkan bí 5,000 lọ, ó ń dín in kù gan-an ni. Èèrí tó ń han etí á dúró sínú asẹ́, ògì tó kúnná á kọjá. Àpótí igi tí wọ́n kan mọ́ sípíkà náà sì ní ohùn tirẹ̀ tó ń fi kún un.

Ṣùgbọ́n sípíkà tí a fi ń wàásù tàbí tí a fi ń kéde kì í sẹ́ nǹkan. Wọ́n ṣe é kí ó lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ àti èyí tó ga jáde bákan náà. Tí ohùn gìtá bá dé ibẹ̀ láìkọjá asẹ́, ògì pẹ̀lú èèrí ni a gbé síwájú àlejò. Tí onígìtá bá ń ta ohùn tó mọ́, bí ti jùjú, ó lè ṣeé fara dà díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ohùn tó ń hó ni, ẹ ó fọwọ́ di etí.

2. BÍ WỌ́N ṢE Ń YA ÀWÒRÁN OHÙN ÀPÓTÍ

Ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kì í wo ojú rẹ̀ nìkan. Á fi ìka gbá a, kóó! Ohun tí ìkòkò bá dá lóhùn ló fi ń mọ̀ bóyá ó jiná dáadáa, tàbí ó ti sán níbì kan. Ìgbá kan ṣoṣo ti sọ gbogbo ìwà ìkòkò náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe. Wọ́n á gbé máìkì síwájú àpótí sípíkà, wọ́n á rán ohùn kúkúrú kan, pà!, sínú rẹ̀, wọ́n á sì gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lóde òní, ohùn tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n sábà máa ń rán, wọ́n á wá fi ìṣirò yọ ìdáhùn 'pà' náà jáde nínú rẹ̀. Ìdáhùn yìí ni wọ́n ń pè ní 'impulse response', tí wọ́n gé kúrú sí IR. Àwa yóò pè é ní àwòrán ohùn.

Nọ́ńbà tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni àwòrán náà. Bí ẹ̀rọ bá ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán tó ní nọ́ńbà 2,048 kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Síbẹ̀ ó tó láti fi mọ àpótí kan yàtọ̀ sí èkejì.

3. ÌṢIRÒ RẸ̀, BÍ TI AKÁPÒ

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń fi àwòrán yìí sára ohùn gìtá? Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti mọ ìṣirò náà tẹ́lẹ̀. Ká ní òfin ẹgbẹ́ kan ni pé ẹni tó bá yá owó yóò dá ìdajì padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní oṣù kejì, àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá ní oṣù kẹta. Ẹ jẹ́ kí a fi ti èlé sílẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ yá ẹnì kan ní ₦10,000 ní oṣù kìíní ọdún, ó sì yá ẹlòmíràn ní ₦20,000 ní oṣù kejì. Ohun tí akápò yóò gbà nìyí:

Oṣù kejì: ₦5,000.
Oṣù kẹta: ₦3,000 àti ₦10,000, àpapọ̀ ₦13,000.
Oṣù kẹrin: ₦2,000 àti ₦6,000, àpapọ̀ ₦8,000.
Oṣù karùn-ún: ₦4,000.

Ẹ kíyè sí i pé owó tó wọlé ní oṣù kan kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìdá owó tí a ti yá jáde sẹ́yìn ló kó ara wọn jọ. Ohùn gìtá ni owó tí a ń yá jáde. Àwòrán ohùn ni òfin bí owó ṣe ń padà. Owó tó wọ ọwọ́ akápò ni ohùn tí a ń gbọ́. Bí a bá yí òfin padà, owó oṣooṣù á yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó yáwó kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni: bí a bá pààrọ̀ àwòrán, ó dà bí ẹni pé a pààrọ̀ àpótí, gìtá kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ti ohùn, àwọn nọ́ńbà kan jẹ́ àyọkúrò, iṣẹ́ náà sì pọ̀ jọjọ. 'Owó yíyá' 48,000 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdápadà 2,048. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 98! Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n fi ń gé iṣẹ́ yìí kúrú, kí ohùn má bàa pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ onígìtá.

4. OHUN TÍ ÀWÒRÁN KÒ LÈ ṢE

Àwòrán ni, kì í ṣe àpótí gan-an. Ibi tí máìkì wà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á ló mọ. Bí máìkì bá dojú kọ àárín sípíkà, ohùn á mú. Bí ó bá sún sí ẹ̀gbẹ́, ohùn á rọ̀. Bákan náà, sípíkà gidi máa ń yí ìwà padà bí a bá fi agbára lé e. Àwòrán kan ṣoṣo kì í yí padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọgọ́rùn-ún àwòrán fún yín. Méjì tàbí mẹ́ta tí etí yín fẹ́ ti tó ṣiṣẹ́.

5. ÒFIN KAN: ÀPÓTÍ KAN ṢOṢO

Ẹ há èyí sórí. Ohùn gìtá gbọ́dọ̀ kọjá nínú àpótí kan, kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

(a) Bí ẹ bá ń so ẹ̀rọ afarawé mọ́ míkísà, mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí mọ́ ohun àfisétí, ẹ tan ibi tí wọ́n kọ CAB tàbí IR sí.

(b) Bí ẹ bá ń so ó mọ́ ámpù gìtá tó ní sípíkà tirẹ̀, ẹ pa á. Bí ẹ kò bá pa á, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ sẹ́ ògì náà: ohùn á wúwo, á dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

6. KÍ Ẹ TÓ TỌWỌ́ BỌ ÌWÉ OWÓ YÍYÁ

Ẹ̀rọ afarawé kò ní ẹnu. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí kò sì ní ámpù, kò tíì lè fi ẹ̀rọ yìí nìkan lọ sóde ìnáwó. Kí ó ro owó méjèèjì pọ̀ kí ó tó wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dára ní tirẹ̀ lè máà nílò àpótí ńlá mọ́, owó ọkọ̀ tí ó ń san láti Ìwó dé Òṣogbo tàbí Ìbàdàn á sì dín kù.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi CAB hàn yín lára ẹ̀rọ náà. Ẹ mú onígìtá dání, kí ó ta á nígbà tí CAB wà ní títàn àti nígbà tí ó wà ní pípa, kí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ ka irú iná tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, nítorí iná tí kò bá a mu lè jó o. Ẹ sì gba rìsíìtì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Bí ẹgbẹ́ inú àpẹẹrẹ wa bá tún yá ẹnìkẹta ní ₦10,000 ní oṣù kẹta, èló ni yóò wọlé ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún?
2. Onígìtá kan so ẹ̀rọ afarawé mọ́ ámpù tó ní sípíkà, ohùn rẹ̀ wá wúwo bí ẹni wà lábẹ́ aṣọ. Kí ni kí ó ṣe?

Ìdáhùn: (1) ₦13,000 àti ₦7,000. (2) Kí ó pa CAB.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ta gìtá, kó ka ẹ̀kọ́ yìí fún un nílé. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yé wa kí a tó yáwó, ju kí ó yé wa lẹ́yìn tí a bá ti jẹ gbèsè tán.