Ẹlẹ́nu Méjì Kọ́ Ni Ẹni Tó Gbédè Méjì

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ka ìròyìn Kánádà lórí rédíò, ó ní òfin ibẹ̀ fẹ́ kí àwọn adájọ́ àgbà jẹ́ "ẹlẹ́nu méjì". Háà! Ẹni tó ń sọ tọ̀tún fún tòsì, tó tún ń sọ tòsì fún tọ̀tún là ń pè bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀?

Ó gbédè ni à ń wí. Gbọ́ èdè ló di gbédè. Etí ni Yorùbá fi ń mọ ẹni tó mọ èdè. Òfin Kánádà gan-an ò gba ibòmíì: kí adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tí wọ́n fi ń rò ó, láìsí ògbufọ̀. Kóòtù tó ga jù lọ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n fa òun náà wọ abẹ́ òfin ní 2023.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn nìyẹn, ògbufọ̀: ẹni tó gbọ́ ifọ̀. Fọ̀ yìí náà ló wà nínú fọhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Bíbélì, lẹ́tà sí àwọn ará Kọ́ríńtì lò ó; ṣùgbọ́n nígbà tí Jósẹ́fù ń bá àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Íjíbítì, tí wọn ò mọ̀ pé ó gbédè wọn, gbédègbẹ́yọ̀ ni wọ́n pe ẹni tó dúró láàárín. Ó dùn mí pé a ti ń gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ ògbufọ̀. Lónìí, ẹni tó jókòó ti ìwé, tó ń yí i láti èdè kan sí òmíràn, ògbufọ̀ là ń pe òun náà. Àwọn yunifásítì sì ń kọ́ni ní ìṣògbufọ̀. Mo jà á títí, ó ti borí.

"Elédè méjì" dípò "ẹlẹ́nu méjì" ńkọ́? Ó sàn, àmọ́ kò tó. Mary Simon, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà tó jẹ Gómìnà Àgbà níbẹ̀, ní 2021, gbọ́ Inuktitut, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì pé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn fi í sùn nítorí Faransé, èdè tó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí òun lọ ní àríwá Quebec ò fún òun láǹfààní láti kọ́.

Ẹ̀yin oníròyìn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ èdè náà: "adájọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé". Kò gùn jù fún rédíò.