Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Irú Eríàlì Tó Yẹ Ọkọ̀ Wa

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ àárín wa gbé wá sí ìpàdé tó kọjá. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó, kí àwọn fi ra rédíò CB sínú ọkọ̀ tí ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu láti Ọ̀bà-Ilé lọ sí Oǹdó àti Èkó. A ó dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Owó àjọ ni, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wa, títí kan àwọn ìyálọ́jà tí kò ní mọ́tò, mọ ohun tí a fẹ́ fi rà.

Àwọn àgbà pe rédíò ayé àtijọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí bó ti ń sọ tirẹ̀, kì í gbọ́ tẹni. CB yàtọ̀ sí i. Ó ń sọ, ó sì ń gba èsì. Awakọ̀ kan á tẹ bọ́tìnì, á sọ̀rọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí tó ní irú rẹ̀ á sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsan owó ìpè kankan. Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ná ọ̀nà mọ̀ pé ibi tí táyà ti máa ń bẹ́ lóru gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí.

Nígbà tí a jíròrò lọ́jọ́ náà, orí rédíò nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé: èyí wo ló lágbára, èyí wo ló pẹ́ láyé, èyí wo ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè eríàlì. Bẹ́ẹ̀, eríàlì ni ẹnu rédíò, òun náà sì ni etí rẹ̀. Akọrin tó dáńtọ́, bí wọ́n bá faṣọ dí i lẹ́nu, kí ló fẹ́ kọ?

Ọ̀kan nínú wa ti ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà kí á sọ ọ́ síbí. Ó ra rédíò CB àlòkù, ó gbé e fún rewáyà. Rewáyà wo ọ̀pá eríàlì kékeré tí mọ́tò náà fi ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, ó ní, "Ọ̀gá, eríàlì kúkú ti wà ńlẹ̀, kí la tún ń náwó sí òmíràn fún?" Ó yọ wáyà rẹ̀, ó kì í bọ ẹ̀yìn CB. Iná tàn, rédíò ń dún, inú oníǹkan dùn. Ó ń gbọ́ ẹlòmíràn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Òun náà wá ń pariwo sí i, ó ń tẹ bọ́tìnì lemọ́lemọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òórùn ohun tó ń jóná fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Rédíò kú, gbèsè ẹgbẹ́ ò kú.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á. Gbogbo rédíò ló ní ìgbì tirẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn tirẹ̀. Ẹ mú Positive FM ti Àkúrẹ́, tó wà ní 102.5: ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Ìgbì ti CB, tó wà ní nǹkan bíi megahertz 27, gùn tó mítà 11. Ọ̀pá eríàlì ọkọ̀ sì máa ń fẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì tó fẹ́ gbé. Fún FM, ìyẹn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 73 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá kúkúrú fi tó o. Fún CB, ó di mítà 2.75, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án gbáko. Bí èèyàn bá fi ọ̀pá tí kò bá a mu gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò séwu ńbẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnì láti sọ̀rọ̀ ni wàhálà dé: agbára tí rédíò tì jáde kò rí ọ̀nà gbà, ó sì padà wá bá rédíò nínú ilé. Ooru ló ń dà, ooru náà ló jó ti ẹni wa yẹn.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án! A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa bínú. Òótọ́ ni pé kò sí eríàlì ọkọ̀ tó dára tó o lójú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá nà án sórí ọkọ̀ akẹ́rù tí òrùlé rẹ̀ ga tó mítà méjì àbọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á kọjá mítà márùn-ún. Gbogbo wa la mọ bí wáyà iná ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ ní àwọn abúlé wa. Irin tó bá kan wáyà iná lórí ọkọ̀ tó ń sáré, a ò ní sọ ìyókù. Ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi èyí sórí ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwọn tí ń ṣe eríàlì ti wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n ká wáyà bàbà mọ́ ara ọ̀pá, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́ílì, kí ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún lè máa ṣe bí ẹni tó gùn tó mẹ́sàn-án. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe idán. Bí ọ̀pá bá ṣe ń kúrú sí i ni agbára tó ń sọnù ń pọ̀ sí i, nítorí náà, àwọn kékeré tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, tí wọ́n ń tà nítorí pé ó wuyì lójú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìsọ̀ ẹni tó ń tà á. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún, tí sípíríǹgì wà nídìí rẹ̀ kó lè tẹ̀ bí ẹ̀ka igi bá gbá a, ni a fọwọ́ sí. Bó bá ṣe é ṣe, kí kọ́ílì rẹ̀ wà láàárín ọ̀pá tàbí lókè, kó má wà nídìí, torí pé apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Kò dára ká fi kọ́ílì gba ipò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àlòkù níbí. Amẹ́ríkà ni CB ti gbilẹ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo mítà 11 yìí ní 1958. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, àwọn awakọ̀ tírélà wọn sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń wá epo kiri, tó fi di pé ṣánẹ́ẹ̀lì 23 kò tó wọn mọ́. Ó di 40 ní January 1, 1977. Ìlú Ọba ò fàyè gbà á títí di November 2, 1981. Òfin wọn nígbà náà ní eríàlì kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 1.5 lọ, ìdí ọ̀pá nìkan sì ni kọ́ílì lè wà. Wọ́n tú òfin náà sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n irú eríàlì ayé ìgbà yẹn ṣì lè bọ́ sọ́wọ́ yín nínú ẹrù tókúnbọ̀. Ohun mìíràn tó tún ṣe kókó ni pé ṣánẹ́ẹ̀lì 40 ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti megahertz 26.965 dé 27.405, nígbà tí 40 tí Ìlú Ọba fi bẹ̀rẹ̀ wà láti 27.60 dé 27.99. Ẹni tó ra tibí kò ní gbọ́ ẹni tó ra tọ̀hún, eríàlì tí a sì ti wọ̀n fún ọ̀kan kò ní bá èkejì mu dáadáa. Irú kan náà ni kí gbogbo wa rà.

Wàyí o, ibi tí a ó gbé e dúró sí. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí, nítorí ibí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ọ̀pá tí ẹ ń rí yẹn, ìdajì eríàlì péré ni. Ìdajì kejì ni irin ara ọkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí irin náà bá yí ọ̀pá ká lọ́gbọọgba, ohùn á lọ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì bákan náà. Bí ọ̀pá bá wà ní kọ̀rọ̀ kan, ìhà tí irin pọ̀ sí ni ohùn máa lọ jù. Ẹni tó dè é mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn lápá òsì, àwọn tó wà níwájú lápá ọ̀tún ló máa gbọ́ ọ jù. Ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lè má gbọ́ ọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn gan-an ló fẹ́ kìlọ̀ fún.

Nítorí náà, àárín òrùlé ló dára jù fún bọ́ọ̀sì àti mọ́tò kékeré. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ló ṣòro díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn 911 wa, pákó ni wọ́n fi kan bọ́dì ẹ̀yìn rẹ̀. Pákó kì í ṣe irin. Eríàlì tí a kàn mọ́ pákó, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Orí kábínì awakọ̀ ni kó wà, kí ọ̀pá sì yọrí kọjá ẹrù bí ó ti lè ṣe é ṣe tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí tírélà Amẹ́ríkà nínú fíìmù, tó ní méjì, ọ̀kan lápá dígí ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ wa ò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tó.

Ibi tí irin ìdí eríàlì ti kan ara ọkọ̀, ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán kí ẹ fi gíríìsì kùn ún. Òjò wa ò mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó ni; bí ibẹ̀ bá dípẹtà, iṣẹ́ bàjẹ́. Èyí tó ní òòfà nídìí kò ní kí ẹ ha ọ̀dà tàbí kí ẹ dá ihò sí òrùlé, ẹ sì lè yọ ọ́ wọlé lálẹ́ kí olè má baà bá yín yọ ọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ máa nu eruku ìdí rẹ̀, ẹ má sì gbára lé e lójú ọ̀nà oníkòtò.

Wáyà tó so eríàlì mọ́ rédíò náà ní irú tirẹ̀. Ohm 50 ni CB ń fẹ́, ohm 75 ni ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ẹ ní kí rewáyà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sí yín létí. RG-58 ló dára fún wa.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní mítà SWR, tí ń sọ iye agbára tó padà wá sílé. Bó bá kà á sí 1, gbogbo rẹ̀ ló jáde. Bó bá jẹ́ 1.5, nǹkan bíi 4 nínú 100 ló padà, ó dára. Bó bá jẹ́ 2, 11 nínú 100. A lè fara mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 3, 25 nínú 100 ni, ìyẹn wáàtì kan nínú wáàtì 4 tí rédíò ní. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ìta gbangba ni a ti ń wọ̀n ọ́n, kí a ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí èèyàn má dúró ti eríàlì. Abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù rewáyà kò dára, irọ́ ni mítà máa pa níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ṣánẹ́ẹ̀lì 1 àti ní 40. Bí ti 40 bá pọ̀ ju ti 1 lọ, ọ̀pá ti gùn jù, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ti 1 ló bá pọ̀ jù, ọ̀pá ti kúrú jù. Mítà kan ṣoṣo lè sin gbogbo ẹgbẹ́. Èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ ra ọ̀kan, kó wà lọ́wọ́ akápò.

Ẹ má retí ju ohun tó lè ṣe lọ o. Ẹni tó wà ní Ọ̀bà-Ilé kò ní bá ẹni tó wà ní Oǹdó sọ̀rọ̀. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ju kìlómítà 40 lọ. Láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, kìlómítà díẹ̀ ni, ó lè tó mẹ́wàá níbi tó bá tẹ́jú, àpáta bíi ti Ìdànrè sì lè dí i lọ́nà. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ lè ṣàdédé gbọ́ òyìnbó láti òkè òkun. Ojú sánmà ló ń dá ohùn wọn padà sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ eríàlì yín. Ẹ má sì dárúkọ owó tó wà nínú ọkọ̀ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ kò mọ̀ náà lè máa gbọ́.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún rédíò. Rárá o. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń da ìgbì mìíràn síta mọ́ tirẹ̀: ẹ fi 5 mú 27, ó di 135, àwọn ọkọ̀ òfurufú sì ń lo 118 dé 137 láti fi sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń gbé lọ́nà pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe é.

Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́ láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kọ̀wé sí àjọ NCC kí a tó ná kọ́bọ̀. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí owó náà, kí ẹni tó bá fẹ́ yá a kọ iye eríàlì, wáyà àti owó rewáyà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó bá kọ rédíò nìkan, ìgbìmọ̀ máa dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní rédíò sínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí ìwé àṣẹ yóò fi dé, tí a ó sì fi bá yín wọ̀n ọ́n.