Pípa Èsì Ìṣirò Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Òwe yìí bá iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mu púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ọjọ́ gbọọrọ wọn nǹkan, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kì í rántí pa èsì rẹ̀ mọ́ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí a bá bu omi gbígbóná sínú ife, tí a sì ń fi tẹmómítà wọn ooru rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, a ó rí i pé ooru náà yóò kọ́kọ́ yára lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò máa rọra lọ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ooru inú yàrá. Bí a bá fi àmì sí ìwé gíráàfù fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì náà kì yóò tò geere, nítorí ojú ẹni a máa ṣì díẹ̀. Nígbà náà ni a ó ní kí kọ̀ǹpútà wá ìlà títẹ̀ kan tí ó súnmọ́ gbogbo àmì náà jù lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń pinnu bí ìlà náà yóò ti rí: èkíní ni ooru inú yàrá; èkejì ni iye tí ooru omi fi ju ti yàrá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀kẹta ni bí omi náà ti ń yára tutù sí.

Nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni èsì iṣẹ́ wa. Òjìji wọn lásán ni ìlà tí a ń wò. Ẹni tí ó ní nọ́ńbà lè tún ìlà náà fà nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àwòrán nìkan, àfi kí ó máa méfò.

Níbo ni kọ̀ǹpútà ń kó wọn sí? Ètò kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Igor Pro a máa kó wọn sínú àpótí kan tí ń jẹ́ W_coef, a sì máa kó ìwọ̀n àṣìṣe tí ó lè wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú W_sigma. Bí a bá ṣe ìṣirò mìíràn, tuntun yóò pa ti àtijọ́ rẹ́. Nítorí náà, a ní láti ṣe ẹ̀dà wọn, kí a sì fún ẹ̀dà náà ní orúkọ mìíràn, kí a tó tẹ̀ síwájú. Ní ti gnuplot, òun a máa kọ ìròyìn ìṣirò kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ti ìṣáájú nínú fáìlì tí ń jẹ́ fit.log.

Kí a pa nọ́ńbà nìkan mọ́ kò tó. A gbọ́dọ̀ pa ìwọ̀n àṣìṣe wọn mọ́ pẹ̀lú, àti òfin ìṣirò tí a lò, àti ohun tí a wọ̀n gan-an, kí ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò.

Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti ṣe ohun ńlá rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí Ceres, ayé kékeré kan tí ń yí oòrùn po, láti ìlú Palermo. Ó ń kọ ibi tí ó wà sílẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù kejì. Lẹ́yìn èyí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn bò ó, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò ti tún yọ. Carl Friedrich Gauss, ọmọ ọdún 24 ní ilẹ̀ Jámánì, fi ohun tí Piazzi kọ sílẹ̀ ṣírò ipa ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Ní òpin ọdún náà, Franz Xaver von Zach tún rí Ceres nítòsí ibi tí Gauss tọ́ka sí. Bí Piazzi kò bá kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ni Gauss ìbá fi ṣírò?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí a kò pa èsì rẹ̀ mọ́, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ìbéèrè
1. Kí ni nọ́ńbà mẹ́ta inú ìlà náà ń sọ fún wa?
2. Èéṣe tí a fi ní láti ṣe ẹ̀dà W_coef?
3. Báwo ni iṣẹ́ Piazzi ṣe ran Gauss lọ́wọ́?